FreeCAD 1.0: ohun tí mo fi múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun

Ọdún 19 ni mo fi ya àwòrán ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó pè wá jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ kógbá sílé. N kò da fáìlì kankan kọ nígbà tí mo ń lọ, torí tiwọn ni. Rúlà irin mi nìkan ni mo mú dání.

Ìlà ni mo fi gbogbo ọdún yẹn yà: ìlà, òbírí, ìwọ̀n, ó parí. Àmọ́ gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ni wọ́n ti ń wá ẹni tó lè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní 3D, tó jẹ́ pé bí ìwọ̀n kan bá yí padà, ìyókù á tẹ̀ lé e. Agbára mi kò ká láísẹ́ǹsì àwọn sọ́fítíwià ńlá. Bí mo ṣe dé ìdí FreeCAD nìyẹn, sọ́fítíwià tí a fi ń ya ẹ̀rọ ní 3D.

Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ oṣù kan. Láti 2002 ló ti wà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ẹ̀dà 1.0, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má sì gba èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ló fi ń dá ojú kọ̀ọ̀kan mọ̀ lára ohun tí ẹ ń yà. Ẹ padà sẹ́yìn lọ gbẹ́ ihò kan kún un, ojú tó ń jẹ́ Face6 lè di Face8, ohun tí ẹ gbé lé e á wá ṣí lọ síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Wọ́n ti dín ìyẹn kù gan-an. Kò tíì tán pátápátá o, ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé sketch mi, ìyẹn àwòrán ìlà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, lé XY, XZ tàbí YZ, àwọn pẹpẹ tí kì í yí padà, dípò kí n gbé e lé ara irin fúnra rẹ̀.

Sketcher, ibi tí a ti ń ya sketch, ló mú mi. Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan náà bó ṣe wá sọ́wọ́ yín, kò ní kó tọ́. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá fi ìdè dè é: ìlà yìí dúró ṣánṣán, ihò méjì yìí dọ́gba, èyí jìnnà sí àárín ní 40 mm. Bí ẹ ṣe ń dè é ló ń ka iye ọ̀nà tó ṣì lè gbà yẹ̀ fún yín. Bí ìdè bá pé, gbogbo ìlà á di àwọ̀ ewé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọ̀ yẹn lára ìjókòó búùṣì (òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀) kan tí mo ń yà, mo dìde lórí àga. Gbogbo ọdún 19 yẹn ni àwọn ìdè yẹn fi wà lọ́kàn mi. N kò ríbi kọ wọ́n sí ni.

Mo wá ṣí Spreadsheet rẹ̀, tábìlì tí a ń kọ ìwọ̀n sí, mo fún sẹ́ẹ̀lì kan lórúkọ, saafu, ìyẹn ṣáàfù, ọ̀pá tó ń wọ inú ihò náà, mo kọ 25 sínú rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n yòókù ń wo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ di 30, ihò fẹ̀, ẹran irin tó yí i ká nípọn sí i, àwọn ihò bóòtù sún síta. H7 tí mo kọ sí ihò, àmì tó ń sọ bí ihò ṣe lè fẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ tó, kò yí padà, odo sí +0.021 mm náà ni, nítorí ISO 286, ìlànà àgbáyé lórí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kó ohun tó ju 18 lọ títí dé 30 mm sábẹ́ ìlà kan náà. Ìyẹn kò sí nínú sọ́fítíwià kankan tí mo kọ́. Ibi iṣẹ́ àtijọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n, ó sì ṣì wúlò.

TechDraw, apá rẹ̀ tó ń sọ ohun tí a yà ní 3D di àwòrán orí bébà, wúlò fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀nà méjì ló wà láti to àwòrán sórí bébà. First angle la ń lò tẹ́lẹ̀: àwòrán tí a wò látòkè, ìsàlẹ̀ la máa ń gbé e sí. Third angle ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ tuntun tí mo rí, òkè sì ni tiwọn máa ń wà. Ẹni tó bá ṣi èyí kà lè gbẹ́ ihò apá ọ̀tún sí apá òsì, irin á sì ṣòfò. TechDraw jẹ́ kí n yan èyí tó wù mí, nítorí náà odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ya nǹkan kan náà lọ́nà méjèèjì lálaalẹ́, títí ojú mi fi mọ́ ọn.

Àléébù rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ yí etí irin róbótó níbi tí igun mẹ́ta ti pàdé, ó lè kọ̀ jálẹ̀. Kò lè ka DWG, irú fáìlì tí AutoCAD ń lò, fúnra rẹ̀, ẹ nílò ohun mìíràn tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà máa ń wọ́ lórí kọ̀ǹpútà mi.

Sọ́fítíwià mìíràn la ń lò níbi tuntun, bọ́tìnnì rẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ìdè ni ìdè. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá ní kí n pààrọ̀ ìwọ̀n ṣáàfù lórí ẹ̀rọ kan tí ẹlòmíì yà. Kó tó di ọ̀sán mo ti parí rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí FreeCAD Project Association, ẹgbẹ́ tó ń ṣètìlẹ́yìn fún FreeCAD.