Sísọ gáráàjì di ilé ìfọṣọ ní Tanke: àgbéyẹ̀wò mi lórí gbígba àṣẹ ìyípadà ìlò ilé

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ètò yìí. Ohun tí mo lọ tọrọ ni ìwé àṣẹ ìyípadà ìlò, kí gáráàjì àti yàrá méjì tó kọjú sí títì nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Tanke, nílùú Ìlọrin, kúrò ní ilé gbígbé, kó di ilé ìfọṣọ. Wọ́n fún mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì tí mo yọ, màá sọ ibi tí wọ́n já bọ́ sí.

Ẹni tó bá ń gba Tanke lọ sí Yunifásítì Ìlọrin á ti rí i pé ilé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù níwájú kò pọ̀ mọ́ lójú títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fà á. Wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n fẹ́ gẹrun, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé, wọ́n fẹ́ fọṣọ, gbogbo ẹni tó bá sì ní bọ́ńgálò létí ọ̀nà ló ń lu ògiri iwájú láti fi ilẹ̀kùn onírin sí i. Ọ̀pọ̀ wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ gbàwé, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ike lọ́jà Ìpàta fi mí rẹ́rìn-ín: "Nínú gbogbo Tanke, ìwọ nìkan ni ìjọba fẹ́ wá mú?" Ìdí tèmi kò le. Mo fẹ́ yá owó ní báńkì láti fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, báńkì sì ní kí n mú ìwé wá pé ilé tí mo fẹ́ kó o sí gba òwò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti rí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ "STOP WORK" sára ògiri ẹlòmíì. N kò fẹ́ kí oníbàárà máa ka ìyẹn kó tó wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń da ọ̀pọ̀ àwa oníṣòwò kéékèèké rú nìyí: ìwé méjì ni, ẹnu ọ̀nà méjì sì ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi àbójútó àti ìdarí ṣọ́ọ̀bù, kíóòsì, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ, wọ́n dárúkọ wa níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlọrin, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Fúfù, lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé fúnra rẹ̀ wà fún, ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ láàárín ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ètò ìlú wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Tí C of O yín, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, bá kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà wà fún ilé gbígbé, ọ̀dọ̀ gómìnà ni àṣẹ láti yí i padà ti ń wá, torí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Rìsíìtì tí ọmọkùnrin kan já fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rí pé ẹ sanwó ni. Kò sọ gáráàjì di ilé òwò. Mo mọ ẹnì kan tó to irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dọọdún, tó fi ike dì wọ́n, tí wọ́n sì tún wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kó ti ibẹ̀ pa.

Ẹni tó bá mi ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ yìn jù. Tó bá jẹ́ òun nìkan ni mò ń fún ní máàkì, ìràwọ̀ márùn-ún ni. Elétò ìlú aládàáni ni, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ TOPREC, ìgbìmọ̀ tí òfin 1988 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn elétò ìlú sílẹ̀. Mo béèrè nọ́ńbà òǹtẹ̀ rẹ̀ kí n tó san kọ́bọ̀, inú kò bí i. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Alhaja, ẹ má tíì jẹ́ kí bíríkìlà fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kankan." Ó ní kí n kó ìwé sọ́fè wá, pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí bàbá wa kọ́lé, C of O, ìwé owó orí, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ jogún ilé. Area Court ti pín ogún bàbá wa fún wa ní ìlànà mùsùlùmí, Bùọ̀dá mi tó wà l'Ékòó sì ti buwọ́ lu lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín ṣì wà lórúkọ olóògbé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí elétò ìlú kì í bá òkú dúnàádúrà.

Òun náà ló tẹ òfin ètò ìlú ti 1992 jáde fún mi kí n kà á. Ó yà mí lẹ́nu bí ohun tó ń béèrè àṣẹ ṣe pọ̀ tó. Ilé kíkọ́ wà níbẹ̀, ilé wíwó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tó máa kan àyíká. Igi gígé pàápàá wà níbẹ̀, àti pátákó ìpolówó tó bá dá dúró lórí ilẹ̀. Igi máńgòrò kan wà níwájú ilé wa, ibi tí mọ́tò ìbá dúró sí gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án títí ìwé fi jáde. Nínú pláànù tuntun, elétò ìlú mi yà á sí ibi tó wà, ó sì to ibùdókọ̀ yí i ká.

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò ilé ni mo gbà pé iṣẹ́ gidi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan bá a mú téépù. Wọ́n wọn àyè tó wà láàárín ògiri àti títì, wọ́n wọn fífẹ̀ géètì, wọ́n wo gọ́tà bóyá ó ń ṣàn. Wọ́n wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa jókòó sí. Ọ̀gá náà wá yípo lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró lórí sọ́kàwéè wa àtijọ́, ó bi mí pé: "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, omi ọṣẹ yìí, ibo ló máa máa lọ?"

Sọ́kàwéè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, kànga Alhaji tó wà lẹ́yìn wa sì wà lódìkejì fẹ́ǹsì yẹn. Omi ìwẹ̀ ìdílé kan ti ń lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Omi ọṣẹ aṣọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera àyíká sábà máa ń fẹ́ láàárín sọ́kàwéè àti kànga. Ilẹ̀ wa, 50 lórí 100 ẹsẹ̀ bàtà ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹ ṣírò ó: 100 ẹsẹ̀ bàtà kò ju mítà 30 àti díẹ̀ lọ. Gbogbo gígùn ilẹ̀ wa ló gbọ́dọ̀ wà láàárín omi ọṣẹ mi àti omi tí Alhaji ń mu. Nítorí náà, sọ́kàwéè tuntun gbọ́dọ̀ wà níwájú pátápátá, nídìí géètì. Iwájú yẹn náà sì ni wọ́n ní kí ọkọ̀ oníbàárà máa dúró sí, torí wọn kò fẹ́ kó dúró lójú títì. Ìyẹn ni pé mọ́tò á máa gun sọ́kàwéè lórí. Wọ́n ní kí n da kọnkéré tó nípọn lé e, kí irin inú rẹ̀ sì pọ̀, kí ẹ̀ńjíníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹ̀ńjíníà sílẹ̀, sì yà á.

Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ kò tíì jìn tí wọ́n fi bá àpáta. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ibi ní Ìlọrin jókòó lé, ẹni tó bá ti gbẹ́ bòrehóòlù níbí kò ní bá mi jiyàn. Ohun tí kò ṣeé gbẹ́ lọ sísàlẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ní kí n ṣe kòtò kékeré kan ṣáájú rẹ̀ tí ìdọ̀tí aṣọ àti ìfófó máa kọ́kọ́ dúró sí. Iṣẹ́ sọ́kàwéè yìí gba owó jù gbogbo ìwé tí mo gbà lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ọ́fíìsì yẹn ṣe fún mi, ìbéèrè obìnrin yẹn ni mo lè fi owó mi rà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹnì kankan lára àwọn tó ti ń fọṣọ ládùúgbò tí mo lọ bá fún ìmọ̀ràn tó bi mí ní irú rẹ̀.

Wọ́n tún ní kí àwọn ará ilé tó yí mi ká buwọ́ lùwé. Alhaji kò jiyàn nígbà tó rí ibi tí sọ́kàwéè lọ. Màmá tó wà lápá ọ̀tún ni kò gbà. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o. Ṣé o rí géètì mi yìí? Tí onímọ́tò kan bá wá dí i lóru ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sílé ìwòsàn ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, ẹ sọ bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fẹ́ kí ọkọ̀ kankan má dúró níwájú géètì rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ wà lápá òsì, kó sì kú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. A kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Nígbà tí ìwé àṣẹ jáde, mo bá gbogbo rẹ̀ nínú àwọn àdéhùn tó wà lẹ́yìn ìwé. Ó ti di òfin ilé mi, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n, Màmá náà kò sì gbàgbé aago mẹ́sàn-án rárá.

Ó wá ku ìràwọ̀ tí mo yọ. Fáìlì mi wọ yàrá kan, kò jáde. Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i lọ ìpàdé, ó gba ìsinmi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kàbọ́ọ̀dù kò wá. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, èmi ni mo ń lọ wá a. Lórí tábìlì kan, wọ́n ní rìsíìtì ìjọba ìbílẹ̀ ti tó. Lórí tábìlì kejì nínú ilé kan náà, wọ́n ní kò tó. Ìràwọ̀ kan nìyẹn.

Èkejì ni ti owó. N kò ní kọ iye tí mo san, torí ìwọ̀n ilé kálukú àti àdúgbò tó wà ni wọ́n fi ń ṣírò ó, tèmi kò ní rí bíi tiyín. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí bí wọ́n ṣe ń ṣírò ó kò fi sí lára ògiri, kí èèyàn kà á kó tó wọlé? Ibi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀, àwọn ọ̀gbẹ́ni ẹnu géètì ló ń di àkọsílẹ̀. Ọ̀kan pàdé mi, agbádá rẹ̀ dára, ó ní òun lè bá mi parí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sí wàhálà àyẹ̀wò. Ohun tó fẹ́ tà fún mi ni pé kò ní sí àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà sì ni ohun kan ṣoṣo tó tó owó nínú gbogbo rẹ̀. Bílì ni kí ẹ gbà, báńkì ni kí ẹ ti san án. Ní Kwara, ọ̀dọ̀ KW-IRS, àjọ tó ń gba owó fún ìpínlẹ̀, ni owó ìpínlẹ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ pé ṣe lẹ fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti yí padà, ẹ ní kí onílé fi ìwé àṣẹ hàn yín kí ẹ tó san owó ọdún méjì. Onílé tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn ti dáhùn. Ẹni tó sì fẹ́ gbé tábìlì káàdì ìpè síta lásán, ètò yìí ti tóbi jù fún un.

Pátákó ni mo ṣe kẹ́yìn. Èyí tó máa dá dúró létí títì á tún béèrè àṣẹ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, nítorí náà mo ní kí ayàwòrán kọ orúkọ ilé ìfọṣọ wa sára ògiri, lókè ibi tí ilẹ̀kùn gáráàjì wà tẹ́lẹ̀. Máńgòrò bo apá kan rẹ̀ lójú fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí wa bẹ́ẹ̀ náà.