SSD tuntun àbí tòkunbọ̀: èwo ló yẹ kọ̀ǹpútà ilé yín?

Gbogbo wa la ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó bá ń wọ́ bí ìgbín, tẹ́ ẹ bá gbé SSD sí i (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, tó yára ju háàdì díìsìkì àtijọ́ lọ), ara ẹ̀ á yá, mi ò ní fi ìyẹn jẹ dátà yín. Ohun táwọn èèyàn ń bi mí ni pé ṣé káwọn ra tuntun tó kéré ni, àbí káwọn fi owó yẹn gan-an gbé tòkunbọ̀ tó tóbi. Méjèèjì ni mo ti rà. Ọ̀kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ eléyìí, ìkejì ń bẹ nínú dírọ́ọ̀, ọmọ mi kékeré ti sọ ọ́ di fóònù, á gbé e sétí á ní "hẹlóò".

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni Dell OptiPlex 7010, èyí tó jáde ní 2012, tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò tán kí wọ́n tó kó o wá fún wa. Òun náà tòkunbọ̀ ni, torí náà ẹ má rò pé mo kórìíra tòkunbọ̀. Olùkọ́ ni mí, orí ẹ̀ ni mo ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí àwọn tó rọrùn.

Iye owó: tòkunbọ̀ ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Owó tí mo fi ra tòkunbọ̀ 512GB, tuntun 240GB ló lè rà.

Ìyára: ọgbọọgba. SATA ni méjèèjì (irú ojú okùn tí wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà), SATA ò sì lè gbé ju nǹkan bíi 550MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé: okùn dátà kan, okùn iná kan, ó parí. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta NVMe, irú SSD mìíì tó pẹlẹbẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù yẹn, fún yín o, 7010 yìí ò ní ojú tẹ́ ẹ máa kì í bọ̀.

Gárańtì: nínú àwọn tuntun, Crucial BX500 ọdún 3, Samsung 870 EVO ọdún 5, ẹ ṣáà tọ́jú rìsíìtì yín. Tòkunbọ̀ tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó wá ku ọjọ́ orí. Ibẹ̀ lowó mi wọlẹ̀ sí.

SSD ò dà bíi RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tẹ́ ẹ lè lò fún ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún tà á fún ẹlòmíì. Bí ọṣẹ ló ṣe rí. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan sí i, tẹ́ ẹ pa á rẹ́, tẹ́ ẹ tún kọ òmíì, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni. Àwọn tó ṣe é gan-an máa ń kọ iye tó lè gbà: BX500 240GB, 80TB (TB kan jẹ́ 1,000GB), 870 EVO 250GB, 150TB. Fún àwa tá à ń tẹ̀wé tá à ń wo fíìmù, ó pọ̀ jọjọ, ká ní 20GB lẹ̀ ń kọ sí i lójoojúmọ́, 80TB yẹn á gbé yín ju ọdún mẹ́wàá lọ. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ ò mọ ilé tó ti wá. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà méjì lọ́sẹ̀, ó sì lè jẹ́ inú ẹ̀rọ kámẹ́rà tó ń ká fídíò tọ̀sántòru.

Lọ́jọ́ tí mo ra tèmi, bọ̀ọ̀dá tó ń tà á so ó mọ́ laptop, ó ṣí CrystalDiskInfo (ètò tó ń sọ bí ara SSD ṣe le sí, búlúù ló máa ń fi hàn tó bá dára), ó ní "Ańtí, ẹ wò ó, Good 100%, bí ọmọ tuntun." Mo rí búlúù, inú mi dùn, mo sanwó. Ilé ni mo ti wá fara balẹ̀ wò ó: Power On Hours, 9. Wákàtí mẹ́sàn-án! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 2016 ni wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, etí ìwé yẹn ti ká, àwọn ihò tí ṣíkúrúù ń wọ̀ ti bó nítorí pé wọ́n ti tú u, wọ́n ti dè é, àìmọye ìgbà. Kí lèèyàn fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣe tó máa rí báyìí? Àṣé òǹkà yẹn ṣe é dá padà sí òdo, bí wọ́n ṣe ń dá máílì mọ́tò padà. Mo fura, àmọ́ mo ní ó ṣáà ń ṣiṣẹ́, mo dákẹ́.

Oṣù kẹta tí mo rà á ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ máàkì àwọn ọmọ 43, mo séèfù, mo pa ẹ̀rọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo ṣí i, òfìfo. Mo ní bóyá oorun ló kùn mí tí mi ò séèfù, mo bá tún un tẹ̀ látòkèdélẹ̀, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, òfìfo náà ni. Mo wá mú fáìlì kan tí mi ò nílò, mo pa á rẹ́, mo tan ẹ̀rọ padà, ó tún wà níbẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló padà wá, fáìlì àbíkú. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ló là mí lóye: SSD tó bá ti gbó tán lè tilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀, ẹ lè ka ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní gba tuntun mọ́, Windows ló kàn ń rò pé òun ti kọ ọ́. Ó ní kí n sáré kó ẹrù mi jáde. Mo kó o, ọpẹ́ ni, torí lọ́jọ́ kẹta kọ̀ǹpútà ò rí i mọ́ rárá, kódà nínú BIOS (ojú ètò tó máa ń wà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀). Háàdì díìsìkì tó bá ń kú lọ sábà máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ ó ti mọ̀. Eléyìí ò dún, kò gbóná. "Ańtí, SSD kì í dákú," bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi ló wí bẹ́ẹ̀, "ó máa ń kú ni." Gárańtì ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá tipẹ́.

Kí n má parọ́, tuntun náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. 2TB tí wọ́n bá ń tà lówó 240GB, ẹ sá fún un, kékeré kan ni wọ́n ti kọ́ ní irọ́ láti máa pe ara ẹ̀ ní ńlá, tẹ́ ẹ bá fi H2testw (ètò tó ń kọ nǹkan sí i, tó sì ń kà á padà) kún inú ẹ̀ dẹ́nu, àṣírí á tú. Tó bá jẹ́ Samsung lẹ rà, Samsung Magician á sọ fún yín bóyá ojúlówó ni.

Tí tòkunbọ̀ bá ṣì wù yín, ẹ gbé laptop tiyín lọ. Ẹ má wo búlúù, Power On Hours àti Total Host Writes (iye dátà tí wọ́n ti kọ sí i) ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ yí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka ọdún tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo ojú wúrà tí okùn ń wọ̀ bóyá ó ti ha. Kẹ́ ẹ wá jókòó ti H2testw títí á fi parí, tó bá sì jẹ́ USB 2 lẹ fi so 512GB, ilẹ̀ lè ṣú bá yín níbẹ̀. Mi ò tíì rí òǹtajà tó máa gbé àga fún yín.

Ta ló wá yẹ kó ra èwo? Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń ṣe géèmù, tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó máa dùn yín, tòkunbọ̀ ò burú, ààyè ẹ̀ pọ̀. Tí iṣẹ́ yín bá wà nínú ẹ̀, tuntun. Ní ti ààyè tó kéré yẹn, mi ò tiẹ̀ rí i bí ìṣòro mọ́, torí háàdì díìsìkì mi àtijọ́ ni mo dá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Windows wà lórí SSD, fọ́tò àti fíìmù wà lórí ti àtijọ́. (Ẹ gbé Windows sí i látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dààmú pé ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà háàdì díìsìkì 500GB sórí SSD 240GB. Ẹ sì rántí pé látọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró.)

BX500 240GB tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ló wà nínú tèmi báyìí. Mi ò rí férémù tí wọ́n fi ń gbé e ró nínú kéésì, sẹ́lótéèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀, kò kúkú sí nǹkan tó ń yí nínú ẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì. Mo ṣí CrystalDiskInfo láàárọ̀ yìí: wákàtí 3,600, wọ́n sì ti kọ 6TB sí i. Èmi ni mo lo gbogbo ẹ̀.