Tọ́ọ̀nù 3.6 tí kò sí nílẹ̀: àgbéyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ tó ń wọn kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ oko mi

Ìjábọ̀ ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì dé sórí áàpù, ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti kí mi kú oríire: kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ mi, èyí tí ewé àti gbòǹgbò tó jẹrà ń fi sílẹ̀, ti fi tọ́ọ̀nù 3.6 lé sí i lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Gíráàfù aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń gòkè lọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mi ò fi àwọn ọdún tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì ṣeré: mo dín ìtúlẹ̀ kù, mo gbin ewéko abolẹ̀ láàárín ohun ọ̀gbìn, mo sì ń da ajílẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n kó àwọn nọ́ńbà tín-ín-tìn-ìn-tín sí, ara mi sì gbóná.

Ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù nínú erùpẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ jẹ́ 1.2%. Nígbà kejì, 1.2% náà ni. Kò kúrò lójú kan. Ohun tó yí padà ni bí ilẹ̀ ṣe kì tó, èyí tí àwọn oníláàbù ń pè ní bulk density: ó kúrò ní gíráàmù 1.3, ó di 1.4 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Hẹ́kítà kan tí a wọn dé ìsàlẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ mítà kúbíìkì 3,000. Bí mítà kúbíìkì kan bá wọn tọ́ọ̀nù 1.3, erùpẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 3,900, 1.2% rẹ̀ sì jẹ́ tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù 46.8. Tí 1.3 bá wá di 1.4, erùpẹ̀ di tọ́ọ̀nù 4,200, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ di 50.4. Ẹ yọ 46.8 kúrò nínú 50.4, ẹ ó rí 3.6 tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kí mi kú oríire.

Katakata ló tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí ìgbà tí èèyàn fẹsẹ̀ ki òwú mọ́ inú àpò ni: òwú inú àpò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òwú tó wà nínú yàrá kò lé ẹyọ fọ́nrán kan. Erùpẹ̀ tó ti wà nísàlẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà tẹ́lẹ̀ ló wọ inú ohun tí wọ́n wọn. Kò sí gbòǹgbò kankan tó jẹrà tó mú 3.6 yẹn wá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń ta kírédíìtì kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí àwọn tó ń tú èéfín sáfẹ́fẹ́ ń rà láti fi dí èéfín tiwọn, á gbé 3.6 náà, á sọ ọ́ di carbon dioxide nípa fífi 44 sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó fi 12 pín in, á sì ní tọ́ọ̀nù 13.2 láti tà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rà á á gbà pé òun ti san gbèsè èéfín òun. Èéfín náà ṣì wà lókè níbẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà oníbàárà wọn. Ọmọbìnrin tó gbé e kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fetí sílẹ̀ títí mo fi ṣàlàyé tán. Ó ní kí n mú sùúrù. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ létí mi, ó pẹ́ díẹ̀, ó padà dé. “Ẹ má bínú sà, áàpù ló ṣe ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀, kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀.” Mo ní ìdí tí mo fi pè gan-an nìyẹn, kí èèyàn lè wò ó. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ímeèlì. Mo kọ ọ́, mo so ìṣirò mọ́ ọn. Èsì tó wá kò mẹ́nu kan ìṣirò náà rárá. Ó dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà wọn, ó sì bi mí bóyá màá fẹ́ gbé ètò mi ga sí èyí tó ń fi sátẹ́láìtì wo kábọ́ọ̀nù lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sátẹ́láìtì yẹn kí n tó tẹ̀ síwájú, nítorí ó ń dùn mí. Ojú ilẹ̀ nìkan ni sátẹ́láìtì ń rí, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò. Kò rí ìsàlẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà. Ó wúlò láti fi mọ ibi tí oko ti yàtọ̀ síra, kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni máa gbowó láti sọ fún àgbẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù rẹ̀ yí padà láàárín oṣù kan kò dáa. Ètò “4 per 1000” tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Paris ní 2015 ń sọ nípa ìdàgbàsókè ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún lọ́dún. Lórí ilẹ̀ tó ní tọ́ọ̀nù 46.8, ìyẹn ò pé tọ́ọ̀nù 0.2 lọ́dún. Ihò méjì tí a gbẹ́ nínú oko kan náà lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Mo tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fún mi ní ọ̀gá ọmọbìnrin náà. Ó ní 30 sẹ̀ǹtímítà ni IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ní kí wọ́n máa wọn dé. Mo ní òótọ́ ni, mi ò bá wọn jà lórí 30, ṣùgbọ́n 30 inú ilẹ̀ tó rọ̀ àti 30 inú ilẹ̀ tó ti kì kì í ṣe erùpẹ̀ kan náà. Mo ní ìwé ìlànà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé jáde ní 2020 lórí wíwọn kábọ́ọ̀nù ilẹ̀ sọ pé ìwọ̀n erùpẹ̀ tó dọ́gba ni kí a fi ṣe àfiwé. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tó mú mi jókòó láti kọ èyí: “Bàbá, inú àwọn oníbàárà tó kù máa ń dùn tí wọ́n bá rí i pé ó gòkè.”

Mi ò lè dá a lóhùn. Mo pa fóònù.

Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn ọmọ tó wá sóko, nítorí iṣẹ́ wọn mọ́. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti gbẹ́ nígbà àkọ́kọ́ nínú GPS, ibẹ̀ náà ni wọ́n padà sí. Wọ́n rí i dájú pé àsìkò kan náà nínú ọdún ni wọ́n wá, nígbà tí ọ̀rinrin ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò lójú ilẹ̀ kí wọ́n tó ki irin bọ̀ ọ́, nítorí ewé tí kò tíì jẹrà kì í ṣe ilẹ̀. Òrùka irin tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kì tó, wọ́n gbé pákó lé e lórí kí wọ́n tó máa lù ú díẹ̀díẹ̀. Èyí tí erùpẹ̀ inú rẹ̀ bá rì, wọ́n dà á nù, wọ́n tún òmíràn gbà. Wọ́n ṣa òkúta jáde, wọ́n wọn òun náà, nítorí òkúta ń gba àyè láì ní kábọ́ọ̀nù tí à ń wá. Mo ti rí àwọn tó ń gba erùpẹ̀ bí ẹni tó ń sáré bọ́ lọ́wọ́ òjò. Àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n da gbogbo 30 sẹ̀ǹtímítà pọ̀ sínú àpò kan. Mo bi èyí tó dàgbà jù nínú wọn pé ṣé wọn ò ní ya ti òkè sọ́tọ̀ ni. Ó ní, “Ọ̀gá, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìyẹn.” Oko tí wọn ò túlẹ̀ rẹ̀ púpọ̀ mọ́ máa ń kó kábọ́ọ̀nù jọ sí òkè, nítorí ibẹ̀ ni ewé àti ajílẹ̀ ń jókòó sí, ìsàlẹ̀ sì lè máa pàdánù tirẹ̀. Ẹni tó bá wọn 10 sẹ̀ǹtímítà òkè nìkan á máa yọ̀, ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mo ti ń múra láti gba owó mi padà nígbà tí obìnrin kan láti láàbù wọn pè mí. Ẹnì kan ló fi ímeèlì mi ránṣẹ́ sí i. Kò kí mi kú oríire kankan. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: “Sà, ṣé ẹ da ẹfun sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti wá kẹ́yìn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní apá kan, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ti kan jù. Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò báyìí máa ń sun erùpẹ̀ nínú iná tó gbóná gan-an, á sì ka gbogbo kábọ́ọ̀nù tó bá jáde, títí kan ti ẹfun, tí kò bá ewé àti gbòǹgbò tan rárá. Òun á kán ásíìdì lé e lórí. Èyí tó bá hó, òun á kọ́kọ́ yọ ẹfun rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò tilẹ̀ bi í. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀nà Walkley àti Black ni, èyí tó ti wà láti 1934, tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ dichromate àti ásíìdì jó kábọ́ọ̀nù inú erùpẹ̀. Kì í jó o tán. Ní ìpíndọ́gba, bí 77% ló ń jó, wọn á wá fi nǹkan bí 1.3 sọ ọ́ di púpọ̀ láti dí àlàfo náà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. “Nítorí náà, sà, 1.2 méjèèjì yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá. Kò yẹ kí a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.”

Ẹ wo bí inú mi ṣe yí padà. Obìnrin yìí ti tọ́jú erùpẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ sínú ìgò, ó gbẹ, ó ti gba inú asẹ́ mílímítà 2 kọjá, ó ní àkọlé lára. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, níbi tí ìdánwò oko tí wọ́n ń pè ní Broadbalk ti wà láti 1843, tí wọ́n sì tọ́jú erùpẹ̀ àtijọ́ débi pé ẹ̀rọ òde òní lè dán an wò. Ó kó ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì papọ̀, ó sun wọ́n nínú ẹ̀rọ kan náà. Ó pè mí padà bó ṣe ṣèlérí: 1.21% àti 1.24%. Ó wá fi tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ 3,900 ṣe òṣùwọ̀n fún méjèèjì. Nínú ilẹ̀ tó ti kì, iye yẹn kò ju nǹkan bí 27.9 sẹ̀ǹtímítà lọ. Èsì rẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù fi tọ́ọ̀nù 1.2 lé, pẹ̀lú àlàfo àṣìṣe tọ́ọ̀nù 2 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “A kò tíì lè sọ pé ó yí padà. Nítorí pé a kò ya ìpele sọ́tọ̀, ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìfojúdíwọ̀n.”

Mo ka gbólóhùn yẹn lákàtúnkà. Òun ni mo sanwó fún. Mo fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ mi ń ṣe, bó bá sì jẹ́ pé kò tíì hàn, kí wọ́n sọ fún mi pé kò tíì hàn, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó tíì bá mi sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tòótọ́tòótọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń dáko.

Ṣùgbọ́n gíráàfù aláwọ̀ ewé ṣì wà lórí áàpù, 3.6 ṣì wà níbẹ̀, ìkíni kú oríire ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọ́fíìsì ní áàpù kò ní ibi tí wọ́n lè kọ ìṣirò obìnrin náà sí, wọ́n ní kí n tọ́jú lẹ́tà rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ mìíràn tí kò ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn ń gbé 3.6 tirẹ̀ kiri.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kẹta sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó ku ọdún márùn-ún kí wọ́n tó wá. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: 0 sí 10, 10 sí 30, 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, ìpele kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, ẹ̀rọ kan náà fún ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí ìgò erùpẹ̀ mi má sì kúrò ní láàbù. Wọ́n ti buwọ́ lù ú.