Ryzen 5 5600G láìsí káàdì gíráfíìkì: oṣù mẹ́rin tí mo fi lò ó, àti ọjọ́ tí mo gbé e padà sí Ìkẹjà

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi, tí Ryzen 5 5600G jẹ́ prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ) rẹ̀, padà láti Abẹ́òkúta lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Mo fi ìrọ̀rí méjì há a lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó má baà fò sókè nínú kòtò, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún ẹni tó tà á fún mi lábẹ́ ètè bí ẹni tó fẹ́ wọlé ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tíì lò ó. Iṣẹ́ fídíò òde ìnáwó ni mo ń ṣe, bí mo bá sì ti fi àkọlé kan ṣoṣo lé orí àwòrán ìyàwó, ńṣe ni àwòrán náà máa dúró gbagidi tí ohùn rẹ̀ á máa lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi ní bọ́ọ̀lù tí àwọn ń gbá nínú rẹ̀ ń kọsẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn tilẹ̀ bi mí bóyá ebi ló ń pa kọ̀ǹpútà náà.

N kò ní ka iye agbára prósẹ́sọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó ti wà lára páálí rẹ̀. Ohun tó mú mi yàn án ni pé gíráfíìkì, ìyẹn apá tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ti wà nínú rẹ̀, owó ọwọ́ mi kò sì lè ra prósẹ́sọ̀ kí ó tún ra káàdì gíráfíìkì. Mo lè ra káàdì tòkunbọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe níbi tó ti wá?

Lọ́jọ́ tí mo rà á, mo kọ ọ́ sórí ìwé pé RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) GB 8 ẹyọ méjì ni mo fẹ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí mi, ẹyọ kan tó jẹ́ 16 ló dáa fún yín. Lọ́jọ́ iwájú ẹ ó fi ìkejì sí i, ẹ ó wá ní 32. Ṣé 16 kọ́ ni 16 ni?” Mo rò ó pé ọlọ́jà ló mọ ọjà rẹ̀, mo sì gbà.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀ títí mo fi rojọ́ tán. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó na ìka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì mi, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í dá owó rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Gíráfíìkì inú prósẹ́sọ̀ ni, kí lẹ retí? Káàdì lẹ nílò.” Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń nawọ́ sí káàdì kan lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ tí obìnrin tó ń ta ṣájà lódìkejì fi dìde wá bẹ̀ mí.

Ọmọ iṣẹ́ kan tó ń de ìṣó lára ẹ̀rọ mìíràn ló dìde, ó tẹríba, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ó ṣí CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, ó tẹ ojú ewé Memory, ó sì fi orí sísọ́ọ̀sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan: Single, ìyẹn ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni RAM ń gbà. Kò wí nǹkan kan. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó yọ ẹyọ RAM yẹn, ó mú GB 8 méjì, ó ka ihò láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n bọ ìkejì àti ìkẹrin títí mo fi gbọ́ “kọ́” lẹ́ẹ̀mejì. Eré bọ́ọ̀lù kan náà tí kì í kọjá férémù (àwòrán) 38 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nílé mi kò sọ̀ kalẹ̀ ju 58 lọ mọ́. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo wo ọmọ náà, mo sì wá ìbínú mi tì.

Gíráfíìkì irú èyí kò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀. RAM kan náà ni òun àti prósẹ́sọ̀ jọ ń bu lò. Ẹyọ kan ṣoṣo ti DDR4 3200, irú RAM tí kọ̀ǹpútà yìí ń lò, ń gbé GB 25.6 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ẹyọ méjì nínú ihò tó yẹ ń gbé 51.2. Omi inú ìkòkò ńlá kan lè tó ti inú ìkòkò kékeré méjì, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì kò lè fi igbá bù ú lẹ́nu ìkòkò tóóró kan lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹni tó ní káàdì, ìyàtọ̀ náà kì í tó bẹ́ẹ̀. Fún èmi tí n kò ní in, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Wọn a mú iná lọ, inverter mi a sì gbé e títí alẹ́, ohun tí ẹ̀rọ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, tó ní káàdì, kò jẹ́ kí n gbàdùn rí. Fídíò 1080p ń lọ geere. Ti 4K tí mo bá tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe ṣì ń fà bí ìgbín, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ mọ́jú. Windows ń sọ fún mi pé GB 13.9 ni mo lè lò nínú 16, nítorí gíráfíìkì ti ya 2 sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ bíi tèmi kò gbọ́dọ̀ rà á pẹ̀lú 8. Fídíò AV1 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kí ó kéré) kò sí lára ohun tí gíráfíìkì náà lè tú fúnra rẹ̀, prósẹ́sọ̀ ló ń ru ẹrù yẹn. Bí mo bá sì rí owó káàdì lọ́la, PCIe 3.0 (ọ̀nà tí káàdì fi ń bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀) ni yóò bá níbẹ̀, nígbà tí 5600 tí kò ní G ti wà ní 4.0. Ẹ sì ṣọ́ lẹ́tà yẹn dáadáa: 5600 àti 5600X kò ní gíráfíìkì kankan nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Intel tí F bá kẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí káàdì, ẹ lè so okùn HDMI mọ́ motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, dúdú ni ẹ ó máa wò.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gba owó ìpààrọ̀ RAM lọ́wọ́ mi, ó tún ní, “Ṣé ẹ rí i pé nǹkan kan kò ṣe ọjà mi?” Kò bẹ̀ mí títí mo fi gbé ẹrù mi. Ọmọ iṣẹ́ ló bá mi gbé e dé ọkọ̀, ó kọ owó tí mo fún un lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á, ó sì tún ìrọ̀rí mi tò kó tó ti ilẹ̀kùn.

Bí mo bá tún fẹ́ to kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú lọ́la, òun náà ni n óò rà, pẹ̀lú RAM méjì. Máàkì mi: 6 nínú 10. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò tíì tán nínú mi.