Ibi Tí A Gbé Àbúrò Mi Lọ Nítorí Ọtí, láti Ọ̀fà dé Òkè-Oyi

Bí ẹ bá ní ẹni tí ọtí ti di bárakú fún nílé, tí ẹ sì ń gbé Ìlọrin tàbí apá gúúsù Kwara níbí, ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní UITH, ìyẹn ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyi, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé yín sẹ́yìn. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé lọ síbẹ̀. Awakọ̀ ni, Ọ̀fà sí Ìlọrin ló ń ná. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta, nítorí àwọn tí wọ́n jọ wà ní gáréèjì.

A ti rìn jìnnà kí a tó débẹ̀. Ìdílé wa, mùsùlùmí wà níbẹ̀, kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀fà, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí wọn kò júwe fún wa. Ilé àdúrà kan ni ìyá wa kọ́kọ́ mú un lọ. N ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ààwẹ̀ ló máa lé ẹ̀mí ọtí lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gìrì ti gbé e. Ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin tí ẹnì kankan nínú wa kò rí. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹ̀mí náà ló ń jáde yẹn. Ìyá wa fẹ́ gbà. Èmi ò gbà, mo ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ fún mi.

Ìyàwó rẹ̀ náà ra ètù lọ́wọ́ alágbo kan, pé kó máa bù ú sí ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, pé tó bá ti mu ọtí lé e, yóò máa bì títí ọtí yóò fi sú u. Ó bì lóòótọ́. Ó bì títí ó fi dákú lórí àga. Nígbà tó jí, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sídìí ọtí.

Ní Òkè-Oyi, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi í ni pé ìgbà wo ló mu ọtí kẹ́yìn. Mo rò pé ó fẹ́ bá a wí ni, àṣé aago ló ń kà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ara tó ti ń mu ọtí lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, bí ẹ bá já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín wákàtí mélòó kan ni ọwọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni gìrì lè dé. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì lè pa èèyàn bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ohun tí a rí nílé àdúrà ló ń tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín, ẹ má ti ọ̀mùtí mọ́lé kí ẹ ní kó jáwọ́ lónìí.

Wọ́n wá bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni bóyá ó máa ń nílò ọtí láàárọ̀ kí ara rẹ̀ tó lè dá. Àbúrò mi dákẹ́, ó wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Kí n tó lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò mọ́tò láàárọ̀, àfi kí n kọ́kọ́ fa ọtí ọ̀rá méjì." Ojú wa mọ̀ ọ́n ní ọ̀mùtí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n èyí, èmi àti ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan á wá síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tọ̀sán-tòru, á ní, "Na ọwọ́ rẹ méjèèjì síwájú, la ìka rẹ." Á wo bí ó ṣe ń gbọ̀n, á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá òógùn wà, á bi í pé níbo lo wà, ọjọ́ wo la wà lónìí. Ohun tó bá rí, á kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n oògùn tí wọ́n máa fún un. Diazepam ni wọ́n lò, wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dá a dúró. Wọ́n tún ń gún un ní abẹ́rẹ́ thiamine, ìyẹn fítámìnì B1. Ọtí kì í jẹ́ kí ó tó lára, àti pé bí wọ́n bá fa omi ṣúgà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré gbé ọlọ́tí lọ fa omi ní kẹ́míìsì, ẹ gbọ́ o.

Ìyẹn ni pé kí ọtí kúrò lára. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Oríṣi oògùn mẹ́ta ni wọ́n ṣàlàyé fún wa. Disulfiram ni èyí tí wọ́n bá mu ọtí lé, tí ojú á pọ́n, tí àyà á máa já, tí èèyàn á máa bì. Mo ní, Dókítà, ètù alágbo náà kọ́ yìí? Ó ní ìyàtọ̀ wà: ẹni tó ń lo èyí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń lò ó, wọn kì í bù ú sọ́bẹ̀ fún èèyàn, nítorí ó lè dá ọkàn dúró. Acamprosate wà, òun ń bá èèyàn dín òòfà ọtí kù lẹ́yìn tó bá ti jáwọ́. Naltrexone ni wọ́n wá bá àbúrò mi wò, èyí tí kì í jẹ́ kí ọtí dùn mọ́ èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú ọtí láti ọdún 1994. Kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bi í bóyá ó ń lo trámà, ìyẹn tramadol, oògùn ìrora. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi trámà wakọ̀ òru, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà níbí yìí, nítorí naltrexone àti trámà kì í gbé pọ̀ lára, ìyà tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ohun tó ṣiṣẹ́ jù, ìjókòó ni. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò wàásù fún un. Ó bi í pé, "Kí lo máa ń ṣe tí ọkọ̀ kò bá tíì kún?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí èrò bá ń wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tábìlì ìyá pàrágà ló máa ń jókòó sí. Wọ́n jọ gbìmọ̀ ibòmíì: ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà ní ìsọdá títì, tí kì í mu ọtí. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń rẹ sínú ògógóró, wọ́n ní ọtí ni, kó má tan ara rẹ̀. Wọ́n pe èmi àti ìyàwó rẹ̀ náà jókòó. Àfáà àdúgbò wa sì ṣe bẹbẹ, ó ní kó máa wá bá òun jókòó láàárín mọ̀ngàríbì sí ìṣáì, wákàtí tí ọtí máa ń pè é jù.

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó tún mu ọtí. Mo ti gbà pé wọ́n máa lé wa. Wọ́n kàn bi í pé níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún ètò rẹ̀ ṣe.

Àwọn ará ilé wa kan ṣì ń sọ pé "wọ́n ti gbé e lọ ilé wèrè", bí wọ́n ṣe máa ń fi Arò dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ní Arò yẹn, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó máa ti ibẹ̀ gba ìtọ́jú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibi tó ṣòro: Ọ̀fà sí Òkè-Oyi jìnnà. Ẹ máa kọ́kọ́ dé Ìlọrin, kí ẹ tún wọ ọkọ̀ míì gba ọ̀nà Jẹ́bà, owó ọkọ̀ nìkan ń jẹun. Naltrexone kì í sí ní gbogbo ilé oògùn, a wá a káàkiri Ìlọrin. Ọtí ọ̀rá sì ṣì wà ní gáréèjì. Oṣù kejì ọdún 2024 ni NAFDAC fòfin dè é, kò pẹ́ tí wọ́n tún sún un síwájú. Inú ń bí mi sí ìyẹn.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kó ṣì máa mu ìwọ̀nba tí ara rẹ̀ kò fi ní gbọ̀n títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, àmọ́ kó má wa mọ́tò débẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn àti agbo tó ń lò dání, títí kan èyí tó wà lábẹ́ àga ọkọ̀ rẹ̀. Kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa bá a lọ, ẹni tí kò ní bò ó láṣìírí níwájú dókítà.