Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Òfuurufú àbí Ilé-Ẹ̀kọ́: Ibo Ni Kí Ẹ Ti Kọ́ Bàálù Wíwà?

Bàálù kan náà lẹ máa bá níbi méjèèjì, Cessna 172 tàbí Piper tó ti dàgbà. Òfin Amẹ́ríkà ń béèrè wákàtí 40 kí ẹ tó gbàwé àṣẹ, ti Yúróòpù jẹ́ 45. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà lè fi 35 parí rẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá 60. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, inú ẹgbẹ́, níbi tí àwọn awakọ̀ ti jọ ń dáwó sí bàálù tí wọ́n jọ ń lò, ni mo ti gbàwé tèmi.

Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n nìyí: aago wo lẹ fi ń gbowó?

Méjì ló sábà máa ń wà nínú bàálù. Hobbs ń kà bí aago ọwọ́. Ẹ wà lókè o, ẹ dúró nílẹ̀ tí ẹ ń retí kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀nà o, kò kàn án. Ti inú tákómítà, irinṣẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára yí hàn, ń bá eré ẹ́ńjìnì lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí nílẹ̀, kì í ka ìdajì ohun tí Hobbs ń kà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì rèé, ìdúró nílẹ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, Hobbs ni, wọ́n sì so ó mọ́ swíìṣì bátìrì. Olùkọ́ á tan bátìrì, á máa fi bọ́tìnnì hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnì ò tíì dún rárá, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn á ti yí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà, nìyẹn, mo sì ti sanwó rẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ làwọn ń ṣe é fún gbogbo èèyàn. Owó mi ti wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wo ni n ó fi jà? Ibi tó bá mọ́ máa ń so ó mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, kó má kà àfi tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ mi ń fi tákómítà gbowó, owó epo ti wà nínú rẹ̀. Owó wákàtí kan lè dà bíi pé ó wọ́n. Ẹ fara balẹ̀ ṣírò ó. Tákómítà náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnì yóò tó tú palẹ̀ fún àtúnṣe ńlá: 2,000 wákàtí ni Lycoming, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnì, dá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi owó tí wọ́n ń kó jọ fún ọjọ́ yẹn hàn yín. Bí àpò bá ṣófo, ẹ̀yin lẹ máa dá a.

Olùkọ́ pọ̀ nílé-ẹ̀kọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ń wá wákàtí tí wọ́n á fi bọ́ sí bàálù ńlá, wọn kì í pẹ́. Owó oṣù ẹgbẹ́ ò mọ òjò, ẹ fò o, ẹ ò fò o. Ọjọ́ Sátidé, bàálù ẹgbẹ́ máa ń dìjà. Ẹ máa fọ bàálù.

Ẹni tó lè pa iṣẹ́ tì fún oṣù méjì, ilé-ẹ̀kọ́ bá a mu. Ẹni tó ń jí àkókò kọ́ ọ, tó sì fẹ́ máa fò lẹ́yìn ìdánwò, kó wá ẹgbẹ́. Èyí tó wù kó jẹ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó sínú bàálù náà, kí wọ́n tan bátìrì nìkan, kí ẹ wo Hobbs fún ìṣẹ́jú mẹ́fà.