Àyẹ̀wò DNA tí mo ṣe torí físà ọmọ mi

"Dádì, ṣé wọ́n rò pé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni?" Ohun tí ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, bi mí lórí WhatsApp nìyẹn, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí.

Houston lèmi wà, Ìbàdàn lòun wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. A ò tètè gba sàtífíkéètì ìbí ẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà ká tó lọ, làwọn tó ń fúnni ní físà Amẹ́ríkà bá ní àwọn ń fẹ́ DNA, kó tó 99.5% kí wọ́n tó gbà. Ọmọ tí gbogbo ẹbí pé jọ sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí ìyá mi ń pè ní Àjọkẹ́ títí dòní, owú ni wọ́n wá fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo bí i!

Mi ò ní parọ́ mọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe àyẹ̀wò náà o. Obìnrin tó gba tèmi níbí ṣe dáadáa, ó rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó fún mi lómi, ó lẹ àpòòwé ẹ̀ pa lójú mi, ó ní tọmọ mi máa ti Èkó wá tààrà sọ́dọ̀ àwọn, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò ní fọwọ́ kàn án. Èsì dé, 99.99%. Mo sunkún. Mo ṣì ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni í-meèlì míì wọlé, wọ́n ní kí n sanwó díẹ̀ sí i káwọn fi DNA ọmọ mi síbi táwọn èèyàn ti ń wá ìbátan wọn. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Inú bí mi. Mo pè wọ́n, ẹni àkọ́kọ́ ní ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo sáìnì. Ẹni kejì ní kí n dúró, orin ni mo gbọ́ fún iṣẹ́jú 25, ló bá já. Mo tún pè, ọkùnrin kan tó ní òun ni ọ̀gá wọn bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù tí mi ò bá dáràn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́dún 2018, DNA táwọn ìbátan tó jìnnà fi sórí GEDmatch, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń wá ìbátan wọn, wà lára ohun táwọn ọlọ́pàá California fi rí Joseph DeAngelo mú, inú mi dùn pé wọ́n mú apààyàn yẹn, àmọ́ àwọn tó fi tiwọn síbẹ̀ ò mọ̀ pé àwọn ń fi gbogbo ẹbí síbẹ̀. Lọ́dún 2023 wọ́n jí ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 èèyàn lọ́dọ̀ 23andMe, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA. Páṣíwọ̀dù ṣeé yí padà, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Tèmi, ti ẹ̀gbọ́n mi, tàwọn ọmọ tí Àjọkẹ́ ò tíì bí, gbogbo ẹ̀ ló wà lára owú yẹn, ta ló bi wọ́n?

Obìnrin tó fún mi lómi yẹn ni mo padà lọ bá. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ ó bá mi kọ̀wé sókè, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ti run owú náà. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún un.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ọmọ mi ti gba físà, oṣù tó ń bọ̀ ló máa dé. Mo ti tọ́jú ìwé èsì yẹn síbi tí kò ti ní rí i.